Máàsìkì tó gbẹ mọ́ mi lójú

Àbúrò mi, o kú ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó o. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti lo máàsìkì mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí pélébé tí wọ́n ń rẹ sínú omi nínú ọ̀rá, tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú kí awọ lè rọ̀. O ní ojú rẹ máa ń dán bíi dígí fún wákàtí kan, àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́, á tún funfun, á máa fà ọ́ bíi pé o fi omi ẹ̀kọ bọ́jú. O wá ń béèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ l'Abẹ́òkúta, àti bóyá kó o kúkú máa lò ó lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó.

Má lò ó lójoojúmọ́. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Ní ti ayédèrú, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ohun tó o ròyìn yẹn ò jọ ọ̀rọ̀ ayédèrú. Ó jọ ohun tó ṣe èmi náà.

Oṣù Kejìlá 2019 ni. Ọyẹ́ ti mú n'Íbàdàn, ètè gbogbo ènìyàn ti bẹ́. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé, èmi sì ti ra máàsìkì mẹ́wàá pa mọ́ láti oṣù tó ṣáájú. Alẹ́ Jímọ́ọ̀, mo fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn bó ojú mi, mo bó o débi pé ó ń dún kíríkírí lọ́wọ́. Èrò mi ni pé bó bá ṣe mọ́ tó ni yóò ṣe mu omi tó. Mo lẹ máàsìkì mọ́ ojú, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ fáànù. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n kọ sára ọ̀rá. Mo ní bí ìṣẹ́jú 20 bá dáa, ti títí ilẹ̀ mọ́ ńkọ́? Mo sùn lọ fọnfọn.

Nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni mo jí. Nǹkan kan ń fún mi lójú, bí èépá ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Etí máàsìkì ti ká sókè, àárín rẹ̀ ti lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ imú mi. Dípò kí n wọ́n omi sí i kó rọ̀, mo fà á ya. Tó fi máa di aago méje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti le, ó ti sú wínníwínní, gbogbo àtíkè tí wọ́n fi kùn mí ló ń ṣí. Nínú fọ́tò ọjọ́ náà, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ mi bí ògiri tí ọ̀dà ń bó lára rẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e. Awọ dúdú bíi tiwa kì í gbàgbé ìyà: gbogbo ibi tó bá ti bínú, àpá dúdú ló máa ń fi síbẹ̀. Àpá méjì tí mo gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn lò tó oṣù márùn-ún lójú mi kó tó lọ, ó sì dìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára, pa ojú láràárọ̀ kó tó máa ṣí.

Wàá rí i pé kò sí ayédèrú kankan nínú ìtàn yìí. Máàsìkì gidi ni. Èmi ni mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Tú ọ̀rá náà wò kó o ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, omi ló sì máa ń ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, wàá sábà rí glycerin, wàá rí hyaluronic acid níwájú díẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n máa fa omi mọ́ra. Wọn kì í béèrè ibi tí omi náà ti wá. Nínú oṣù Keje tí òjò ń rọ̀, tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè rí fà. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ alára ń wá omi tí yóò mu. Inú yàrá tí éè-sí wà náà rí bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbà òjò. Bí omi máàsìkì bá wà lójú rẹ láìsí ohun tó dé e, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, yóò sì mú díẹ̀ nínú tìrẹ mọ́ ọn. Dídán bíi dígí tó o ń rí fún wákàtí kan yẹn, omi tó dúró lórí awọ ni. Wọ́n yá ọ ni, kò tíì di tìrẹ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ máàsìkì ò sí nínú máàsìkì nìkan. Ohun tó o ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú rẹ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ló ni gbogbo owó tó o ná.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo máa ń wẹ̀ tán ná. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń fọ ojú, pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ojú tí kò ń hó púpọ̀. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, òun ni ìyá mi fi wẹ̀ mí dàgbà, òun náà ni mò ń fi wẹ àwọn ọmọ mi, àmọ́ eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. Awọ ojú kan díẹ̀, nǹkan bíi 5 ló wà lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni nǹkan ń kan sí i). Ọṣẹ dúdú sábà máa ń tó 9 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ló fi máa ń mú ojú gbẹ. Lo ọṣẹ dúdú lọ́jọ́ mìíràn. Kànìnkàn ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni kó o lọ fi ìyẹn họ.

Mi kì í nu ojú mi gbẹ. Omi ìwẹ̀ ṣì ń kán lójú mi tí mo fi ń lẹ máàsìkì. Èyí nìkan ti yí nǹkan padà fún mi ju kí n ra olówó iyebíye lọ. Lẹ́yìn náà, mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, mo dùbúlẹ̀ kí omi má bàa ṣàn wọ àyà. (Lọ́jọ́ kan tí NEPA mú iná lọ, ọkọ mi tan tọ́ọ̀ṣì wọlé, ó bá ojú funfun nínú òkùnkùn. Orúkọ Jésù tó pè lọ́jọ́ yẹn, àwọn alájọgbé gbọ́.) Ìṣẹ́jú 15 ni mo máa ń fi sórí fóònù. Lásìkò ọyẹ́, kì í ju 10 sí 12 lọ. Ṣùgbọ́n má fi aago nìkan ṣọ́ ọ, fi ìka kan etí rẹ̀ lápá àgbọ̀n. Bí ibẹ̀ bá ti ń gbẹ, àsìkò ti tó, bó ṣe ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Tútù ló yẹ kó o yọ ọ́. Ẹni tó bá dúró kó gbẹ tán ti ń fi omi ara rẹ̀ san gbèsè máàsìkì.

Tó o bá yọ ọ́ tán, má ṣan ojú. Fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ omi tó kù sójú jẹ́jẹ́, kó o ka bí ìṣẹ́jú méjì, kó ṣì máa lẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kó o fi ìpara rẹ sí i. Lórí ìpara náà lèmi ń fi òrí sí nígbà ọyẹ́, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan péré, mo máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ kí n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú. Òrí ò ní omi nínú, ìdérí ni. Fasilíìnì náà ń ṣiṣẹ́ yìí, bí òórùn òrí bá ń lé ọkọ ìyàwó sá. Bí ojú rẹ bá máa ń ní irorẹ́ tàbí tó máa ń yọ epo, fi òrí mọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń gbẹ, kó o fi iwájú orí àti imú sílẹ̀. Mo lè fi ọrùn mi dógò pé ibí yìí ni tìrẹ ti já: o ní o máa ń yọ máàsìkì, o máa ń sùn. Kò sí ìdérí.

Omi tó bá kù nínú ọ̀rá, tú u jáde lójú ẹsẹ̀, kó o fi ra ọrùn, ìgúnpá àti ẹ̀yìn ọwọ́. Má tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la. Ìka ọwọ́ rẹ ti wọ inú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí sì ti bá a wọlé. Máàsìkì kan náà kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀mejì, kì í sì í ṣe ti ìwọ àti ọ̀rẹ́ ìyàwó. Mo mọ ẹni tó ń tún un rẹ sínú omi.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Lọ́dún 2021, mo gbìyànjú ti ojoojúmọ́ tó ò ń wí yìí fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú mi ti rọ̀ jù, bí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nǹkan wínníwínní sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí. Awọ tí kì í gbẹ rárá náà máa ń ṣàìsàn.

Ti owó ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ló wọ́pọ̀, òun ló sì ń tètè gbẹ. Èyí tó ń yọ̀ bíi jẹ́lì, tó sábà máa ń jẹ́ abala méjì, ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní bio-cellulose: bakitéríà ló ń hun ún, wọ́n sábà máa ń fi omi àgbọn bọ́ bakitéríà náà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lójú bí awọ kejì. Ó wọ́n. Tí mo bá lówó lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, òun ni mò ń rà. Tí mi ò bá ní, ti òwú tó o bá fi ìdérí sí ń ṣe dáadáa. Bí o bá rí alcohol denat., ìyẹn ọtí líle tó ń mú awọ gbẹ, ní ipò kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ọ̀rá, dá a padà. Bí lọ́fíńdà rẹ̀ bá ń rùn jáde láti inú ọ̀rá tí wọn ò tíì ya, dá òun náà padà.

Tí kò bá bá ojú rẹ mu, fi sísọ́ọ̀sì gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú tèmi fẹ̀, imú mi náà ò kéré, ibi tó bá sì ti wú sókè kò kan awọ, kò ṣe nǹkan kan fún un.

Nípa ọjọ́ tó o ní o rí lára ọ̀rá, tó o rò pé ó ti bàjẹ́: bó bá jẹ́ ti Kòríà, ọdún ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà oṣù, kó tó kan ọjọ́. Wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 제조 túmọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, 까지 túmọ̀ sí pé ó ṣeé lò títí di ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ti ju èyí tó ṣì dára nù nítorí 제조. Èyí tí mo máa ń sá fún ni èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ì báà jẹ́ ojúlówó. Bó bá sì jẹ́ pé "whitening" tí Kòríà kọ sára rẹ̀ ló fà ọ́ mọ́ra, niacinamide tàbí arbutin ló sábà máa ń jẹ́, àwọn èròjà tó ń mú kí àpá dúdú ṣí díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìbóra, kò ní sọ ọ́ di pupa kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó.

Mo gbọ́dọ̀ bi ọ́ léèrè, má bínú: ṣé o ń lo ìpara tó ń bóra? Mi ò ní dá ọ lẹ́jọ́. Àwọn tó ní mercury nínú, NAFDAC ti fòfin dè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni hydroquinone tó bá ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Síbẹ̀, wọ́n kún ọjà. Awọ tí àwọn nǹkan yìí ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í gba máàsìkì, á máa ta ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàsìkì mọ́, dókítà awọ ara ló ni ín. Bákan náà, má lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó o bá fá irun ojú tàbí tó o gbẹ́ irun ìpéǹpéjú.

Bí owó bá ti tán sórí aṣọ ẹbí, wá máàsìkì gbígbẹ, èyí tí wọ́n fún pọ̀ bíi oògùn oníhóró. Se omi, jẹ́ kó tutù, kán glycerin tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì sí i bí ẹ̀kán mẹ́ta, rẹ ẹ́, lò ó lójú ẹsẹ̀. Má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i o. Oje rẹ̀ àti oòrùn ọ̀sán lè jó ojú rẹ bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Lónìí, fi omi inú ọ̀kan lára àwọn tó o ní sẹ́yìn etí, kó o dúró di ọ̀tunla. Bí kò bá yún ọ, lò ó ní Tọ́sìdé àti ní Sọ́ńdè, pẹ̀lú ìdérí. Èyí tí ojú rẹ kò bá tíì rí rí, má jẹ́ kó sún mọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, bí ẹ̀gbọ́n rẹ tiẹ̀ gbé e wá láti London. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, lo èyí tó o ti mọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ìpara fúyẹ́ ni kó o fi dé e, kì í ṣe òrí, kó o sì sọ fún ẹni tó fẹ́ kùn ọ́ pé kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dúró, gbogbo àtíkè yẹn á máa rìn lójú rẹ kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìjọsìn.