Ààwẹ̀ ọdún mẹ́jọ àti Mo-kí-ọ-Màríà ẹyọ kan

Àbúrò mi, o ní láti ìgbà tí o ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lo ti ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, láìyẹ̀, àmọ́ bí Àjíǹde bá ti kọjá, ọkàn rẹ a tún gbẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, a sì máa ṣe ọ́ bíi pé Ọlọ́run jìnnà sí ọ. O bi wá pé kí ni o lè ṣe. Èmi kì í ṣe Sísítà, n kò sì kàwé ẹ̀kọ́ ìsìn. Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ṣe mí fún ọdún mẹ́jọ gbáko, ìyẹn ni mo fi ní ẹnu láti dá ọ lóhùn.

Ààwẹ̀ tèmi le. Láti Ọjọ́rú Eérú tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀ títí di Sátidé Mímọ́, ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, omi kò ní kan ẹnu mi títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìjọ Àgùdà kò sì ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni òfin ní kí á gbààwẹ̀, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò sì tíì pé 59: oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ìpanu kékeré méjì tí bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọn ò gbọdọ̀ tó oúnjẹ àjẹyó kan. Ẹran ni ẹni tó ti pé ọdún 14 kì í jẹ lọ́jọ́ méjèèjì yẹn àti ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì. Mo mọ gbogbo èyí. Mo kàn fẹ́ kí tèmi ta ti àwọn yòókù yọ ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ní gbogbo ọdún mẹ́jọ yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò bára wa sọ̀rọ̀. Ó ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, a ò gbọ́ sí i àfi ìgbà tí a rí iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù olówó tuntun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní ó ń bọ̀ níbi ìnáwó kan, èmi ò ní dé ibẹ̀. Bí a bá ń ka Baba Wa tí a dé ibi tí a ti ń sọ pé "gẹ́gẹ́ bí a ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá", mo máa ń sáré kọjá ibẹ̀ ni. N kò sì lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Fàdá, torí mo mọ̀ pé bí mo bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, màá ní láti dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ mò ń tò lọ gba Ara Olúwa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ní 2025 ni ara kọ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, pé ebi ò gbọdọ̀ pa mí mọ́. Ọdún yẹn, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú Eérú tiwa sì bọ́ sí ọjọ́ 5. Àlàájà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ń gbààwẹ̀, èmi jókòó, mò ń mu ẹ̀kọ gbígbóná laago mẹ́wàá àárọ̀. Ojú tì mí débi pé omijé bọ́. Obìnrin yẹn gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, lọ́dọ̀ tiwa pàápàá, aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Ẹ máa mu ún. Ọlọ́run rí yín." Ọ̀rọ̀ tó fi tù mí nínú gan-an ló dẹ́rù bà mí. Bí Ọlọ́run bá rí mi, kí ló ń rí?

O mọ̀ pé imọ̀ ọ̀pẹ tí a gbà ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni wọ́n máa ń sun fi ṣe eérú tí wọ́n ń fi kàn wá lórí. Mo ti yọ tèmi kúrò lẹ́yìn fọ́tò bàbá mi, mo sì kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú Mísà Ọjọ́rú Eérú, wọ́n ka ìwé Jóẹ́lì bí wọ́n ṣe máa ń kà á lọ́dọọdún: ẹ fa ọkàn yín ya, kì í ṣe aṣọ yín. Èmi tó jẹ́ pé aṣọ ni mò ń fi àlùmọ́gàjí gé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Bí Fàdá ṣe ń fi eérú kàn mí níwájú orí, gbogbo ara mi ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ jẹ́wọ́. Inú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ni mo kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sí, mo sì ka gbogbo rẹ̀ tán láìdárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Fàdá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá rọra bi mí bóyá ẹnì kan wà tí n kò fẹ́ bá pàdé lọ́run. Mo bú sẹ́kún. Iṣẹ́ ìrònúpìwàdà tó fún mi kò ju àdúrà Mo-kí-ọ-Màríà ẹyọ kan lójoojúmọ́ títí di Àjíǹde, fún ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Àbúrò mi, ebi ọdún mẹ́jọ kò le tó o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, "ọkùnrin yẹn" ni mò ń pè é nínú àdúrà. Orúkọ rẹ̀ kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Ibi Ọ̀nà Àgbélébùú, àdúrà tí a fi ń tẹ̀ lé Jésù lọ síbi ikú rẹ̀ láti ibùdó dé ibùdó, ní ọjọ́ Ẹtì kan ló ti yí padà, ní ibùdó karùn-ún, ibi tí Símónì ará Kírénè ti bá Jésù gbé àgbélébùú. Símónì kò yọ̀ǹda ara rẹ̀ o, wọ́n mú un ní túláàsì ni. Síbẹ̀ èjìká rẹ̀ ló wà lábẹ́ igi náà pẹ̀lú ti Jésù. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìbínú lọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, lẹ́yìn ọdún pípẹ́, pé ẹnì kan ń gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọ̀sẹ̀ tó kángun sí Àjíǹde, ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Kò gbé e. Nígbà tó di bíi aago mẹ́wàá alẹ́, ó pè padà, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, mo kàn ní kí n kí yín ni. A ò sọ̀rọ̀ ilẹ̀. A ò tíì sọ ọ́ tán dòní, ó ṣì ń dùn mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò sáré ka Baba Wa mọ́.

Nítorí náà, bí ara rẹ bá gbà á, gba ààwẹ̀ rẹ, kí o sì gbé oúnjẹ tí o ò jẹ fún ẹni tí kò ní. Àmọ́ bi ara rẹ léèrè ohun tí o ń fi ààwẹ̀ náà sá fún. Ó lè má jẹ́ ìjà. Ó lè jẹ́ gbèsè, tàbí irọ́ kan tí o pa fún ìyá rẹ. Lọ jẹ́wọ́ kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó dé, torí ìlà máa ń gùn nígbà náà, Fàdá kì í sì í ráyè bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ́. Kọ ọ́ sí bébà bí o bá máa gbàgbé, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o ò fẹ́ kà.