"Can I", "Shall I" àti "May I": èwo ni ká lò tá a bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́?

"Can I" ló bá ibi púpọ̀ jù lọ mu tá a bá fẹ́ fi ìrànlọ́wọ́ lọ èèyàn lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Can I help you?" "May I help you?" kò yàtọ̀ sí i ní ìtumọ̀, ọ̀wọ̀ ló fi jù ú lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń lò ó fún oníbàárà tàbí àlejò.

"Shall I" ló sábà máa ń da èèyàn rú. Ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ti hàn kedere là ń lò ó. Ká ní ẹnì kan di ẹrù mọ́ra, ilẹ̀kùn sì wà ní títì níwájú rẹ̀: "Shall I open the door?" ló yẹ ká sọ. Ó bá "Ṣé kí n ṣílẹ̀kùn?" tiwa mu gẹ́lẹ́. Ẹ má fi "to" sí i o; "Shall I to open" kò tọ̀nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo "Shall I". "Should I" tàbí "Do you want me to" ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn.

Ẹ yẹra fún "Will I help you?" Létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ńṣe ló dà bíi pé ẹ ń béèrè bóyá ẹ máa tó ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ ní Ireland àti Scotland, wọ́n ń sọ "Will I open the door?" dípò "Shall I", kì í sì í ṣe àṣìṣe níbẹ̀.