Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Àparò Ni Ẹyẹ Aṣálẹ̀ Arizona?

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín. Láti ọdún tó kọjá ni èmi àti ìdílé mi ti ń gbé ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Àwọn aládùúgbò wa máa ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní quail, èyí tí Bíbélì wa pè ní àparò. Sátidé mẹ́ta ni mo ti jáde lọ wá a ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀; mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì kàn án. Ṣé àparò ilé náà ni? Báwo ni mo ṣe lè rí òun àti àwọn ẹyẹ mìíràn níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìforítì. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti àparò oko wa, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹyẹ kan náà. Gambel's quail ni orúkọ tiyín. Ó kéré sí àparò wa, ìyẹ́ dúdú kan sì yọ lórí rẹ̀, tó tẹ̀ síwájú, tó ń mì bó ti ń rìn. Ojú akọ dúdú, àtàrí rẹ̀ pọ́n, àmì dúdú sì wà ní ikùn rẹ̀.

Aago mẹ́wàá yẹn ló ṣe yín ní jàǹbá. Ní aṣálẹ̀ Sonora tó yí Tucson ká, ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà kí oòrùn tó ga ni ẹyẹ ti jẹun, tó sì ti wọ abẹ́ òjìji lọ. Ẹ jáde ní ìdájí, kí ilẹ̀ mọ́ bá yín níbi tí ẹ jókòó sí. Mo tẹnu mọ́ ìjókòó, nítorí ẹni tó bá ń lé ẹyẹ yìí kiri kò ní rí ju ìdí rẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ ló fi ń sá, kì í tètè fò. Ẹ wá ipa àgbàrá tó ti gbẹ, tí igi mesquite àti palo verde bo etí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ, òjìji àti ibi ìsápamọ́ ti pàdé.

Ẹ jẹ́ kí etí ṣáájú ojú. Ohùn tí wọ́n fi ń wá ara wọn dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń pe Chicago, tí ohùn náà sì gòkè láàárín. Etí Yorùbá kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, orí igi kúkúrú àti orí òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. A máa ń sọ pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Nínú àwọn wọ̀nyí, akọ kan a máa gun ibi gíga láti ṣọ́ àṣá, nígbà tí àwọn yòókù ń ṣa irúgbìn jẹ nísàlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí olùṣọ́, ọ̀wọ́ rẹ̀ kò jìnnà.

Fún àwọn ẹyẹ mìíràn, ẹ lọ sí Saguaro National Park, tó wà ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ìlú yín. Igi ẹlẹ́gùn-ún saguaro, tó lè ga ju mítà 12 lọ, ni ilé wọn. Ẹyẹ àkókó tí wọ́n ń pè ní Gila a gbẹ́ ihò sára rẹ̀, a sì dúró fún oṣù mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ igi náà tó gbẹ, tó sì le bí ògiri, kó tó yé ẹyin síbẹ̀. Bí ó bá kó jáde, òwìwí tó kéré jù lọ láyé, tí gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ntímítà 15, a gba ilé náà. Ìgbà ìrúwé, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ni kí ẹ dúró wo ẹnu ihò náà. Ẹ tún máa gbọ́ cactus wren, ẹyẹ tí Arizona fi ṣe àmì ìpínlẹ̀ ní 1931, tí ohùn rẹ̀ dà bí mọ́tò àárọ̀ tó kọ̀ tí kò fẹ́ gbiná. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni roadrunner: ní òwúrọ̀ tó tutù, ó máa ń kẹ̀yìn sí oòrùn, a sì gbé ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè títí awọ dúdú abẹ́ rẹ̀ yóò fi hàn, kí ara rẹ̀ lè tètè móoru.

Ẹ gbé omi púpọ̀ dání, ẹ má sì ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ ibi tí ojú yín kò tó, nítorí ejò olóró wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fóònù lu ohùn ẹyẹ láti fi tàn wọ́n jáde. Àsìkò tó yẹ kí ẹyẹ fi jẹun ló ń lò láti wá ọ̀tá tí kò sí.

Bí òjò bá rọ̀ dáadáa nígbà òtútù, tí ewé tútù sì hù, ọmọ àwọn quail yín máa ń pọ̀. Bí ọ̀dá bá dá, wọ́n lè má yé ẹyin rárá. Lẹ́yìn òtútù tí òjò rọ̀, ẹ padà síbi àgbàrá yẹn ní oṣù Karùn-ún. Ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá ni abo sábà máa ń yé, àwọn ọmọ náà, tí wọn kò tóbi ju awùsá lọ, a sì máa tẹ̀ lé ìyá àti bàbá wọn láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa wọ́n. Bí wọ́n bá ń sọdá níwájú yín, ẹ dúró jẹ́ẹ́ títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi kọjá, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ku ọ̀kan lẹ́yìn tó ṣì ń sáré bọ̀.