Ẹ Má Ta Adìẹ Màmá

Òkun o, ọmọ mi. Mo ti ka lẹ́tà rẹ láti Ìsánlú tó ìgbà mẹ́ta. O ní láti oṣù méje tí bàbá yín ti papò dà, màmá kì í jẹun dáadáa, wọn kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń wà. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á dìde lọ da àgbàdo fún adìẹ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́kọ́ja fẹ́ ta àwọn adìẹ náà kí màmá lè sinmi, kó wá ra ajá, torí ó gbọ́ pé ajá ń wo ìsoríkọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń fa màmá jáde nínú yàrá nìyẹn. Adìẹ kò mọ̀ pé ọkàn ẹnìkan bàjẹ́. Ebi ń pa á, ó ń ké, ẹni tó ni ín á sì dìde. Nígbà tí àǹtí mi kan di opó, kì í dá wa lóhùn, àmọ́ mo gbọ́ tó ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí èèpo iṣu.

Àwọn oníṣègùn ti mọ èyí tipẹ́. Ilé ìtọ́jú tí William Tuke ṣí ní ìlú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1796, adìẹ àti ehoro wà nínú àgbàlá rẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú. Ajá náà kò burú, bí màmá bá fẹ́ràn ajá (o kò sọ fún mi), tí ẹ sì gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ṣùgbọ́n ẹranko kò lè dá ìsoríkọ́ wò. Oṣù méje ti pọ̀ jù. Ẹ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí dókítà bá kọ oògùn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jáwọ́. Bí wọ́n bá sì sọ pé ikú yá ju báyìí lọ, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Láàárọ̀ ọ̀la, gbé àpótí tẹ̀lé wọn lọ sídìí ilé adìẹ. Bi wọ́n pé èwo ló ń sàba. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi.