Èsì: Ìdí tí briam fi ń lómi jù

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa. Ẹ béèrè ìdí tí briam yín, oúnjẹ àwọn ará Gíríìsì tí wọ́n máa ń fi pòtétò, ìgbá aláwọ̀ àlùkò, zucchini (irú elégédé kékeré kan tó gùn bíi kùkúńbà), tòmátì àti àlùbọ́sà yan, fi lómi jù nígbà tí pòtétò inú rẹ̀ ṣì le. Lójú tèmi, páànù yín ló kéré. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ lé ara wọn lórí, omi tí zucchini àti tòmátì ń tú jáde kò ní ráyè gbẹ, ṣe ni wọn yóò máa bọ̀ dípò kí wọ́n yan. Ẹ tẹ́ wọn sínú páànù tó fẹ̀, kí ẹ sì gé pòtétò tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ, nítorí òun ló máa ń pẹ́ jinná jù, kíkan tòmátì sì tún ń dá a dúró. Ẹ má ṣe ṣahun òróró ólífì (ẹni tó bá ń sá fún òróró, kó wá nǹkan mìíràn sè). Ẹ fi iná 200 lórí ìwọ̀n Celsius yan án fún bíi wákàtí kan àbọ̀, títí etí àlùbọ́sà yóò fi pọ́n, tí òróró nìkan yóò sì máa hó wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ páànù. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fi búrẹ́dì àti wàràkàṣì feta jẹ ẹ́.