Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí ló dé tí omi inú àwòrán mi kò jọ omi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ń dá kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán. The Hay Wain, àwòrán odò tí John Constable, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, yà, ni mò ń wò yà. Igi àti ilé inú rẹ̀ ti ń dára bọ̀, ṣùgbọ́n omi mi kò jọ omi; ńṣe ló dà bí aṣọ búlúù tí a sá sórí koríko. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ sọ pé olè ni ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ yà. Ṣé kí n pa á tì, kí n kúkú máa ya ọ̀sà wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á tì. Wíwo iṣẹ́ ọ̀gá yà kì í ṣe olè, bí ẹ kò bá ti purọ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ló yà á. Constable alára wo àwòrán Claude Lorrain, ayàwòrán ará Faransé tó ṣáájú rẹ̀, yà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́; bẹ́ẹ̀ náà ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń wo àwòrán inú ìwé yà láti kékeré, tipẹ́tipẹ́ kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920.

Ní ti omi, ó jọ pé ẹ ti fún búlúù jáde kí ẹ tó wo odò náà tán. Ẹ tún un wò. Odò Stour ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Constable yà ní 1821, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù sì wà láàárín omi. Búráwùn ló pọ̀ jù nínú omi yẹn, nítorí pé òjìji igi, ilé àti bèbè odò, bí wọ́n ṣe ń hàn lójú omi bíi ti inú dígí, ló kún inú rẹ̀; ibi tí ojú ọ̀run bọ́ sí nìkan ló funfun. Ẹ wo pupa kékeré tó wà lọ́rùn àwọn ẹṣin náà pẹ̀lú, bó ṣe mú kí gbogbo ewéko tó yí i ká túbọ̀ tutù yọ̀yọ̀. Lójú tèmi, òun ló dára jù nínú iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ fi búlúù sílẹ̀ ná. Àwòrán náà tóbi, ó tó sẹ̀ǹtímítà 130 sí 185. Ẹ mú apá ibi tí omi wà nìkan, kí ẹ fi búráwùn àti funfun yà á, kí ẹ máa pa ojú dé díẹ̀ bí ẹ ti ń wò ó, kí ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀ lè hàn yàtọ̀. Bí ìyẹn bá ti dúró, ẹ wá po àwọ̀ yòókù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fa òjìji láti òkè wá sísàlẹ̀. Ohun tó dúdú a máa mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i nínú omi, ohun tó mọ́lẹ̀ a sì ṣú díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ fi ìlà funfun díẹ̀ sí i ní ìbú, níbi tí ojú omi ti ń dán. Díẹ̀ ni mo wí o: ìlà mẹ́ta tó bọ́ síbi tó yẹ ló ń sọ ọ̀dà di omi, ogún a tún sọ ọ́ di aṣọ.

Ẹ fi tọpẹntáìnì la ọ̀dà ìpele àkọ́kọ́, kí òróró línsíìdì, èyí tí a fi ń po ọ̀dà, máa pọ̀ sí i nínú àwọn ìpele tó bá tẹ̀lé e. Bí òróró bá pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, òkè yóò yára gbẹ, yóò sì sán. Kẹrosíìnì kò lè rọ́pò tọpẹntáìnì. Àkísà tí ẹ bá fi nu òróró línsíìdì, ẹ má ká a jọ sínú ilé, nítorí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ.

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò ní kí ẹ má wá. Ẹ máa lọ síbẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú pákó kékeré, kí ẹ ya omi nìkan, ṣùgbọ́n ẹ má kó búráwùn Constable dání lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lójú omi tiwa lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe ọkọ̀ ojú omi, ewéko tàbí òjò tó ń ṣú bọ̀, kí ẹ tó ṣí túùbù kankan.