Ta ni John Coltrane, báwo ló sì ṣe di ìlúmọ̀ọ́ká?

Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fun sáksófóònù nínú orin jáàsì ni. Wọ́n bí i ní Hamlet, North Carolina, lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1926. Ó wọ ẹgbẹ́ olórin Miles Davis, ẹni tó ń fun trumpet nínú orin jáàsì, ní 1955, àmọ́ oògùn olóró heroin kó bá a débi pé Davis lé e ní 1957. Ibi tó wú mi lórí jù nìyí: ọdún yẹn náà ló jáwọ́ nínú heroin, tó lọ bá Thelonious Monk, ẹni tó ń tẹ dùùrù jáàsì, ṣeré, kó tó padà sọ́dọ̀ Davis ní 1958. Ní oṣù Kejìlá 1964 ló gba A Love Supreme sílẹ̀, àwo tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á ní oṣù Keje 1967, ẹni 40 ọdún péré.